Ìjọ Àárín Òkun: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ìgbé Ayé Onígbàgbọ́ ní Àwọn Erékùṣù Sólómọ́nì

Ẹni tó bá ń tẹ̀lé ètò àdúrà tí àwọn ìjọ Áńgílíkà fi ń rántí ara wọn káàkiri ayé yóò ti gbọ́ orúkọ Mẹlanẹ́síà rí. Bí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀ tán, a ó ṣe àmín, ó parí. Àwọn kan kì í jẹ́ kó parí síbẹ̀. Bí ìsìn bá ti túká, wọ́n á máa béèrè pé irú ibo nìyẹn, àwọn wo ló ń gbé ibẹ̀, ta ló ń wàásù fún wọn. Ìbéèrè irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni mo kó jọ síbí.

Níbo gan-an là ń sọ?

Ìjọ Áńgílíkà ti Mẹlanẹ́síà kó Sólómọ́nì, Vanuatu àti New Caledonia pọ̀. Inú Òkun Pàsífíìkì ni gbogbo wọn wà, ní apá ìlà oòrùn Ọsirélíà. Sólómọ́nì ni ọ̀pọ̀ ohun tí mo fẹ́ sọ dá lé. Erékùṣù tó wà níbẹ̀ lé ní 900, àmọ́ èèyàn ò gbé orí púpọ̀ nínú wọn. Èdè tí wọ́n ń sọ tó 70. Ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti gba òmìnira ní ọjọ́ 7 oṣù Keje 1978. Píjìn ni wọ́n fi ń bá ara wọn dọ́rẹ̀ẹ́, ẹni tó bá sì gbọ́ Píjìn tiwa dáadáa, tó fara balẹ̀, á máa mú díẹ̀díẹ̀ nínú tiwọn.

Honiara tó jẹ́ olú ìlú, ní erékùṣù Guadalcanal, kì í ṣe ibi jíjìnnà. Bàálù ń balẹ̀ níbẹ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sì wà níbẹ̀ bíi ti ìlú ńlá gbogbo. Bí wọ́n bá ní ibì kan jìnnà, Temotu ni wọ́n máa ń tọ́ka sí, ìpínlẹ̀ tó wà ní ìpẹ̀kun ìlà oòrùn orílẹ̀-èdè náà. Kódà ní Temotu, ibì kan jìnnà ju ibì kan lọ. Bàálù ń dé Lata, olú ìlú ìpínlẹ̀ náà. Kò dé Tikopia, kò dé Anuta. Tikopia fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún níwọ̀n oníhà mẹ́rin. Anuta ò tiẹ̀ tó ìdajì kìlómítà kan níwọ̀n yẹn, bẹ́ẹ̀ èèyàn bíi 300 ló ń gbé orí rẹ̀, tí wọ́n ń dáko, tí wọ́n ń tọ́mọ, tí wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ wọn, ó lè tó oṣù kan, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, kí òmíràn tó yọjú. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ṣe ń ka ìyókù, torí kò sí nǹkan kan nínú iṣẹ́ ìjọ níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kò kàn.

Ta ló kọ́kọ́ mú ìhìnrere débẹ̀?

Àwọn Kátólíìkì ló kọ́kọ́ gbìyànjú láyé òde òní. Ní oṣù Kejìlá 1845, Bíṣọ́ọ̀bù Jean-Baptiste Epalle gúnlẹ̀ sí Santa Isabel, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù Sólómọ́nì. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n fi àáké ṣá a, kò sì pẹ́ tó fi kú. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ àwọn tó kù kó kúrò, ó di ìparí ọ̀rúndún náà kí Kátólíìkì tó padà wá fìdí múlẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni George Augustus Selwyn, bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà ti New Zealand, gbà láti 1849. Kò fi òyìnbó sí abúlé kankan. Yóò tu ọkọ̀ láti erékùṣù dé erékùṣù, yóò bá àwọn òbí sọ̀rọ̀, yóò kó àwọn ọmọkùnrin lọ sí Auckland láti kàwé, yóò sì dá wọn padà kí wọ́n lè máa kọ́ ará ilé wọn. Ní 1867 wọ́n gbé ilé ẹ̀kọ́ náà lọ sí Norfolk Island, níbi tí ojú ọjọ́ ti móoru díẹ̀ sí i. Èdè Mota, èdè erékùṣù kékeré kan ní ibi tí à ń pè ní Vanuatu lónìí, ni gbogbo wọn fi ń kàwé, tí wọ́n fi ń gbàdúrà, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di àwọn ọdún 1930.

Ọgbọ́n ńlá wà nínú ètò yìí, mi ò ní purọ́. Selwyn mọ̀ pé ọmọ ilẹ̀ ló lè wàásù fún ará ilẹ̀. Àmọ́ ẹ ro ti ìyá tí wọ́n mú ọmọ rẹ̀ wọkọ̀, tí kò mọ ìgbà tí yóò padà, tí àrùn sì pa àwọn mìíràn sọ́hùn-ún kí wọ́n tó dé.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, George Sarawia, di díákónì ní 1868, ó di àlùfáà ní 1873, òun sì ni ọmọ Mẹlanẹ́síà àkọ́kọ́ tó gba oyè náà. Àwa níhìn-ín ti ní Crowther ní bíṣọ́ọ̀bù láti 1864. Ó di 1963 kí wọ́n tó fi ọmọ Mẹlanẹ́síà jẹ bíṣọ́ọ̀bù, Dudley Tuti àti Leonard Alufurai, lọ́jọ́ kan náà. Àádọ́rùn-ún ọdún gbáko láti orí Sarawia! Kí a má sì fi fọ́nnu púpọ̀ jù, gbogbo wa la mọ̀ pé òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò Crowther nígbà tó kú.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Nukapu?

Nukapu wà lára àwọn erékùṣù kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Reef Islands, ní Temotu. Ibẹ̀ ni wọ́n pa John Coleridge Patteson sí, ẹni tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Mẹlanẹ́síà láti 1861, tó sì gbọ́ èdè erékùṣù tó lé ní ogún.

Nígbà yẹn, ọkọ̀ àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ fún oko ìrèké àti oko òwú ní Queensland àti Fiji ń rìn kiri agbègbè náà. Àwọn kan fi àdéhùn gba èèyàn, àwọn mìíràn sì ń jí èèyàn gbé ní tààràtà. Wọ́n ní àwọn kan tiẹ̀ máa ń múra bí àlùfáà kí àwọn èèyàn lè sún mọ́ ọkọ̀. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án 1871 ni Patteson bọ́ sínú ọkọ̀ àwọn ará Nukapu, tí wọ́n sì gbé e lọ sétí òkun. Kò padà láàyè. Nígbà tó yá, ọkọ̀ àjẹ̀ kan ń léfòó bọ̀ lójú omi, òkú bíṣọ́ọ̀bù ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fi ẹní wé e, wọ́n sì fi imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n ta ní kókó márùn-ún lé e láyà. Ojú ọgbẹ́ márùn-ún ló wà lára rẹ̀. Ọfà ba Joseph Atkin àti Stephen Taroaniara tí wọ́n jọ wá, àwọn méjèèjì sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i.

Ohun tí àwọn míṣọ́nnárì sọ ni pé èèyàn márùn-ún ni ọkọ̀ agbóṣìṣẹ́ ti jí kó ní Nukapu, wọ́n sì fi bíṣọ́ọ̀bù gbẹ̀san. Àwọn òpìtàn òde òní ń jiyàn lórí rẹ̀. Àwọn kan ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn ọmọ tí Patteson fúnra rẹ̀ fẹ́ mú lọ sílé ìwé ló bí wọn nínú. Èmi ò rí i pé èkíní pa èkejì rẹ́. Lójú ìyá tó dúró létí òkun, ọkọ̀ tó gbé ọmọ lọ ni ọkọ̀ tó gbé ọmọ lọ. Ikú náà mi London tìtì, ó sì wà lára ohun tó mú kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin lòdì sí jíjí èèyàn gbé ní agbègbè náà ní 1872. Àgbélébùú ìrántí wà ní Nukapu lónìí, àwọn ọmọ ọmọ àwọn tó ṣẹlẹ̀ lójú wọn ló sì ń ṣe àjọ̀dún bíṣọ́ọ̀bù náà lọ́dọọdún.

Nígbà tí àlùfáà kò sí, ta ló ń ṣe ìsìn?

Kátíkíìsì ni. Ìbéèrè yìí ló sì yẹ kí àwọn èèyàn máa kọ́kọ́ béèrè, dípò orúkọ bíṣọ́ọ̀bù.

Ọmọ abúlé ni kátíkíìsì, àgbẹ̀ àti apẹja bí àwọn tó kù. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹnì kan á mú irin, á máa fi lu sílíńdà gáàsì àtijọ́ tí wọ́n so rọ̀ sábẹ́ igi. Ní abúlé mìíràn, ikarahun ọta àgbá tó ṣẹ́kù láti ìgbà ogun 1942 sí 1943, nígbà tí Amẹ́ríkà àti Jàpáàn ja àjàkú-akátá ní Guadalcanal, ni wọ́n ń lù bí agogo. Àwọn èèyàn á wọlé láìwọ bàtà, ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kejì. Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n sábà fi ń bo òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ bí ẹ bá wo pẹpẹ àti àgbélébùú, igi dúdú ni, wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n sì to ikarahun òkun tó ń dán mọ́ ọn lára wẹ́wẹ́, títí ó fi ń kọ mànà bí iná bá tàn sí i. Àdúrà òwúrọ̀ kì í pẹ́. Bó bá parí, kò sẹ́ni tó ń sáré jáde, torí ìgbà yẹn ni ìkéde: ta ni yóò lọ bo òrùlé ilé ìwé lónìí, ẹlẹ́dẹ̀ ta ló wọ oko ta, ta ni ara rẹ̀ kò yá. Ọ̀rọ̀ ìlú àti ọ̀rọ̀ ìjọ kò ya ara wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ wọ́n á tún lu irin náà.

Àlùfáà kan lè ní abúlé mélòó kan lábẹ́ rẹ̀, òmíràn lẹ́yìn òkè, òmíràn lódìkejì omi. Owó oṣù rẹ̀ kéré, òun náà ní oko tó ń ro. Kó tó lè dé abúlé kan láti fún wọn ní Oúnjẹ Olúwa, ó ní láti rí epo fún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, kí òkun rọ̀, kí ọkọ̀ sì lè kọjá lórí àpáta òkun láìfọ́. Bí èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá ṣe é ṣe, ìjọ á dúró. Ìdí nìyẹn tí ìrìbọmi àti ìgbéyàwó fi máa ń kóra jọ de ọjọ́ kan. Àwọn kan níhìn-ín máa ń káàánú wọn fún èyí. Ẹ̀rù irú àánú yẹn ń bà mí, nítorí ìjọ tí ará abúlé fúnra wọn ń darí ní gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́, kò jọ ìjọ tó ń ṣàìsàn.

Báwo ni bíṣọ́ọ̀bù ṣe ń bẹ̀ wọ́n wò?

Ìjọ náà ti ní ọkọ̀ ojú omi tirẹ̀ láti 1855, Southern Cross lorúkọ rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti gbó, wọ́n á ra òmíràn, orúkọ kan náà ni wọ́n á sì fún un. Ó ń kó bíṣọ́ọ̀bù, ó ń kó ìrẹsì àti ìwé, ó ń kó akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sílé ìwé àti aláìsàn tó ń lọ sílé ìwòsàn. Lọ́jọ́ tó bá gúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin tó múra bí jagunjagun á sáré jáde pẹ̀lú ọ̀kọ̀, wọ́n á ṣe bí ẹni fẹ́ gún àlejò, wọ́n á sì padà di ẹni tó ń kí i káàbọ̀. Lẹ́yìn náà ni fèrè oparun, ijó, ìgbọ́wọ́léni, ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi òkúta gbígbóná yan nínú ilẹ̀. Bó bá ṣe pé àjọ̀dún ẹni mímọ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni, àwọn abúlé tó yí wọn ká á ti wà lójú omi láti àná.

Àwọn wo ni wọ́n ń pè ní Tasiu?

Àwọn arákùnrin ẹgbẹ́ Mẹlanẹ́síà ni, ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ tí kò níyàwó, tí kò gba owó oṣù, tó sì ń gbọ́rọ̀ sí olórí lẹ́nu. Ini Kopuria ló dá a sílẹ̀. Ọmọ Maravovo ní Guadalcanal ni, ó kàwé ní Norfolk Island, ó sì ṣe ọlọ́pàá fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ yẹn ló gbé e wọ inú igbó níbi tí àlùfáà kì í dé. Ó ṣèṣe lẹ́sẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn, ibẹ̀ ló ti pinnu pé ibi tí òun ti ń lọ mú ọ̀daràn ni òun ó máa gbé ìhìnrere lọ. Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá 1925, ó sì fi ilẹ̀ rẹ̀ ní Tabalia sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ náà. Olú ilé wọn nìyẹn di òní. Méjì-méjì ló ń rán wọn, ẹsẹ̀ lásán, lọ sí abúlé tí kò tíì gbàgbọ́.

Ẹ̀jẹ́ wọn kì í ṣe ti títí ayé, mo sì fẹ́ràn èyí púpọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin á ṣe ọdún díẹ̀, wọ́n á tú u sílẹ̀ pẹ̀lú àdúrà, á padà sílé, á gbéyàwó, á dáko. Kopuria fúnra rẹ̀ gba ìtúsílẹ̀ nígbà ogun, ó gbéyàwó, ó sì kú ní 1945. Nítorí èyí, kò sí abúlé tó tóbi díẹ̀ tí ẹ ò ti ní rí bàbá kan tó ti ṣe Tasiu rí, tó mọ ìwé àdúrà lórí, tó lè ran kátíkíìsì lọ́wọ́. Wọ́n máa ń kà wọ́n sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ ọkùnrin tó tóbi jù nínú gbogbo Áńgílíkà.

Àwọn ará abúlé bẹ̀rù ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn. Bí ìjà ilẹ̀ bá le, bí wọ́n bá fura sí oṣó, bí ọ̀nì bá ń dààmú etí odò, Tasiu ni wọ́n á ránṣẹ́ sí. Ẹ má rò pé gbogbo àwọn olórí ìjọ ló fọwọ́ sí gbogbo ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa ọ̀pá náà. Àmọ́ ẹni tó bá dàgbà láàárín àwọn Aládùúrà kò ní yà á lẹ́nu.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n pa méje nínú wọn?

Òótọ́ ni. Láti 1998 ni ogun abẹ́lé ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ Guadalcanal àti àwọn ará erékùṣù Malaita tó ń gbé lórí ilẹ̀ wọn. Ní 2000, àwọn Tasiu lọ pàgọ́ sáàárín ibi tí ìhà méjèèjì dojú ìbọn kọ ara wọn sí, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n, wọ́n ń gbé òkú padà fún olókùú. Lẹ́yìn àdéhùn àlàáfíà, wọ́n ń gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn ajagun, wọ́n sì ń lọ jù ú sínú ibú.

Harold Keke, olórí àwọn ajagun kan tó di apá gúúsù Guadalcanal mú, kò gba àdéhùn náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2003, Arákùnrin Nathaniel Sado lọ bá a sọ̀rọ̀, kò padà wá. Ní oṣù Kẹrin, mẹ́fà gbéra láti lọ wá a, kí wọ́n lè gbé òkú rẹ̀ wálé bó bá ti kú: Robin Lindsay, Francis Tofi, Tony Sirihi, Alfred Hill, Patteson Gatu àti Ini Paratabatu. Wọ́n pa gbogbo wọn. Oṣù Kẹjọ ni ìròyìn tó dájú tó dé, lẹ́yìn tí ọmọ ogun àti ọlọ́pàá láti Ọsirélíà, New Zealand àti àwọn erékùṣù mìíràn ti wọ orílẹ̀-èdè náà ní oṣù Keje. Tabalia ni wọ́n sin wọ́n sí. Ẹ wo orúkọ méjì tó gbẹ̀yìn yẹn dáadáa, ẹ ó rí bíṣọ́ọ̀bù tó kú ní Nukapu àti ọlọ́pàá tó jẹ́jẹ̀ẹ́.

Ọba ńkọ́? Ṣé ìjọ àti àwọn olóyè rẹ́?

Ó yàtọ̀ láti erékùṣù dé erékùṣù. Ní Santa Isabel, wọ́n rẹ́ débi pé ó ṣòro láti ya wọ́n. Soga, olóyè ńlá kan níbẹ̀, ṣe ìrìbọmi ní 1889, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn ará New Georgia, erékùṣù mìíràn ní Sólómọ́nì, ti ń wá gé orí èèyàn níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti darí ogun rí. Nígbà tó di ọdún 1975, Dudley Tuti tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan di bíṣọ́ọ̀bù Santa Isabel, wọ́n sì fi í jẹ olórí gbogbo àwọn olóyè erékùṣù náà. Ẹnì kan, fìlà méjì. Àwọn kan nínú wa á ní kò dáa kí agbára pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, mo sì gbà pé ìbéèrè gidi ni. Àwọn ará Isabel kò rí i bẹ́ẹ̀.

Ní Tikopia, olóyè mẹ́rin ló wà, Ariki ni wọ́n ń pè wọ́n. Ariki Tafua àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbàgbọ́ ní àwọn ọdún 1920, àwọn tó kù sì ń bọ àwọn òrìṣà wọn nìṣó fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sí i. Ìdílé kan ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èkejì ń lọ sí ojúbọ, wọ́n sì jọ ń jẹun. Ìjì àti ìyàn ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, pẹ̀lú àjàkálẹ̀ àrùn tó tẹ̀ lé e, ló yí i padà: àwọn tó ṣẹ́kù kò tó láti ṣe orò náà bó ṣe yẹ mọ́, àwọn olóyè náà sì wọ ìjọ. Ní orí òkè Malaita, àwọn Kwaio kan ṣì wà tí wọ́n ń pa ẹlẹ́dẹ̀ fún àwọn baba ńlá wọn títí di òní.

Kí ni wọ́n ń jẹ, báwo sì ni owó ṣe ń wọlé?

Kókò, iṣu, ọ̀dùnkún, gbágùúdá, gbẹ̀rẹ̀fútù, àgbọn, ẹja. Bí ọkọ̀ bá dé, ìrẹsì. Bí àlejò bá wọlé, wọ́n á gbé èso bítẹ́ẹ̀lì kalẹ̀ bí àwa ṣe ń gbé obì. Wọ́n ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ewé àti ẹfun, ó sì ń sọ ẹnu di pupa. Owó ò pọ̀. Àgbọn tí wọ́n là, tí wọ́n sá gbẹ, ni ọ̀pọ̀ ń tà láti san owó ilé ìwé ọmọ, bí ọkọ̀ kò bá sì dé, kò sẹ́ni tí yóò rà á. Ní Malaita, owó ikarahun tí wọ́n lù, tí wọ́n sì sín bí ìlẹ̀kẹ̀, ṣì wúlò fún ìdána àti fún ẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn ìjà. Àlùfáà á gbàdúrà lé e lórí, wọ́n á gbé e kọ́rùn ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Bí ìjì bá jà ńkọ́?

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá 2002, Ìjì Zoe kọlu Tikopia àti Anuta. Ìpele karùn-ún ni, kò sì sí èyí tó ga jù ú. Rédíò dákẹ́. Fún ọjọ́ mélòó kan, gbogbo ayé rò pé wọ́n ti kú tán. Nígbà tí àwọn èèyàn fi dé ọ̀dọ̀ wọn, ilé ti wó, igi ti ya, òkun ti ya wọ adágún omi tútù tó wà ní Tikopia, àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo kò kú. Wọ́n ti sá sínú ihò àpáta àti sábẹ́ òkúta ńlá lórí òkè, ibi tí àwọn àgbà wọn ti mọ̀ látayébáyé. Ìrànlọ́wọ́ dé nígbà tó yá. Ìmọ̀ tó gbà wọ́n là ti wà nílé.

Ṣé Áńgílíkà nìkan ló wà?

Rárá o. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta èèyàn Sólómọ́nì ni Áńgílíkà, Kátólíìkì náà pọ̀. Ìjọ kan tí wọ́n ń pè ní South Sea Evangelical bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn tí wọ́n kó lọ sí oko ìrèké Queensland. Peter Ambuofa, ọ̀kan nínú wọn, padà sí Malaita ní 1894 pẹ̀lú Bíbélì, ìyà ńlá ló sì jẹ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ tirẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọkọ̀ kan náà tó kó ìbànújẹ́ bá Nukapu ló tún gbé oníwàásù padà. Àwọn Adventist dé ní 1914, wọn kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, wọn kì í jẹ bítẹ́ẹ̀lì, nítorí náà àsè abúlé wọn yàtọ̀. Ní New Georgia, Silas Eto ya kúrò lára Mẹ́tọ́díìsì ní nǹkan bí 1960, pẹ̀lú ìran, orin tuntun àti iṣẹ́ oko àjùmọ̀ṣe. Ẹni tó bá mọ ìtàn Aládùúrà nílẹ̀ wa yóò rí i pé kò jìnnà sí tiwa.

Iṣẹ́ wo làwọn obìnrin ń ṣe?

Ẹgbẹ́ Ìyá wà ní gbogbo ibi tí Áńgílíkà wà níbẹ̀, àwọn ló ń tọ́jú àlejò àti aláìsàn, àwọn ló ń kọ́ àgbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, àwọn ló ń kó owó jọ nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì bá fẹ́ kọ́ nǹkan. Ẹgbẹ́ àwọn arábìnrin ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ náà wà. Nesta Tiboe, ọmọ ilẹ̀ náà, dá ọ̀kan sílẹ̀ ní 1980. Ní Isabel àti ní ọ̀pọ̀ ibi ní Guadalcanal, ìdílé ìyá ni ilẹ̀ ń gbà kọjá, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ilẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, kó má wá ọkùnrin nìkan lọ.

Ṣé òótọ́ ni pé òkun ń gba ilẹ̀ wọn?

Ó ń gbà á. Ní Malaita, àwọn baba ńlá wọn kó òkúta òkun jọ pẹ̀lú ọwọ́ láti fi ṣe erékùṣù kéékèèké tí wọ́n ń gbé. Ọ̀kan nínú wọn, Walande ní gúúsù, ni ìgbì òkun bà jẹ́ gidigidi ní 2009, àwọn ará ibẹ̀ sì kó lọ sí etí ilẹ̀ ńlá, ibi tí omi ṣì ń lépa wọn. Kò sí ìdí fún Yorùbá kankan láti kà á bí ìtàn ọ̀nà jíjìn. Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, tí àwọn onígbàgbọ́ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, òkun ń jẹ ẹ́ lójú wa.

Mo fẹ́ lọ sìn níbẹ̀, tàbí kí n fi nǹkan ránṣẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má fi aṣọ òkìrìkà ránṣẹ́. Owó tí ẹ ó fi gbé e dé Lata ju iye aṣọ náà lọ. Epo ẹ́ńjìnnì, páànù, ìwé àdúrà ní èdè tí wọ́n gbọ́, àti owó ilé ìwé ni wọ́n máa ń wá. Ẹ̀yin tó wà ní ìlú ọba ní ọ̀nà tó rọrùn jù, torí ẹgbẹ́ Melanesian Mission ṣì wà ní England, ó sì ń bá ìjọ náà ṣiṣẹ́ pọ̀.

Ní ti lílọ, ẹ jẹ́ kí bíṣọ́ọ̀bù yín kọ̀wé sí bíṣọ́ọ̀bù tọ̀hún. Ẹ má dédé wọlé pé Ẹ̀mí ló rán yín, ẹ̀mí yẹn á ti bá bàálù padà kí ẹ tó rí ọkọ̀ ojú omi. Bí wọ́n bá pè yín, ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ mú oògùn ibà dání (ibà wà níbẹ̀ bíi tiwa), ẹ má sì ra tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ tí ọjọ́ rẹ̀ kò ṣe é yí padà, torí ọkọ̀ tó ní òun ń bọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì lè má rí epo títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ẹ bá dé abúlé, ilé kátíkíìsì ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè.